Obì, Oorun àti Iyè: Ohun tí Kafíìnì Ń Ṣe fún Ọpọlọ Wa

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tó yá owó kékeré tí kò san án ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oorun ni a fẹ́ fi í yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Oorun náà ṣeé yá, gbèsè rẹ̀ kì í sì í jẹ.

Ní Abúlé Ẹ̀gbá tí mo ń gbé, bí ìdánwò WAEC tàbí ti JAMB bá ti ń sún mọ́lé, iná kì í tètè kú ní yàrá àwọn ọmọ. Òmíràn ń jẹ obì, òmíràn po kọfí dúdú bí èédú, òmíràn ra ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní energy drink, òmíràn sì ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò ní obì àti kọfí ń la iyè. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ọmọ ilé ìwé nìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò, àti àwọn awakọ̀ tó ń fi òru gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, gbogbo wọn ló ń fi nǹkan wọ̀nyí jìjàkadì pẹ̀lú oorun.

Ìbéèrè wa ni èyí: ǹjẹ́ obì ń la iyè lóòótọ́, àbí oorun nìkan ló ń lé? Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè fi ìdánwò ọmọ rẹ̀ tàbí ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò.

OBÌ NÍ ILẸ̀ WA

Bí a bá ń sọmọ lórúkọ tàbí tí a ń ṣe ìgbéyàwó, obì àti orógbó kì í gbẹ́yìn. A ó ní kí obì bi ikú, kí ó bi àrùn dànù. A ó ní kí orógbó jẹ́ kí ọmọ gbó, kí ó tọ́. Oríṣi obì méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Èkíní ni obì abàtà, tí ó sábà máa ń ní awẹ́ mẹ́rin, èyí tí àwọn aláwo ń dà. Èkejì ni gbàǹja, tí ó ní awẹ́ méjì, èyí tí a ń tà lọ sí Òkè Ọya. Orúkọ ilẹ̀ Gonja, tó wà ní orílẹ̀-èdè Gánà òde òní, ni orúkọ gbàǹja ti wá. Orógbó ní tirẹ̀ kì í ṣe ìdílé kan náà pẹ̀lú obì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwo kan náà ni a ń kó wọn sí. Kòkó ni ìbátan obì tó sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ obì kan agbègbè wa gan-an. Àgége tó jẹ́ aládùúgbò Abúlé Ẹ̀gbá kì í ṣe ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Oko kòkó àti oko obì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Jacob Kẹ́hìndé Coker wà lára àwọn àgbẹ̀ ńlá tí òkìkí wọn kàn nígbà náà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní 1911, ó rọrùn láti kó gbàǹja lọ sí Òkè Ọya, àwọn oníṣòwò Hausa sì fi Àgége ṣe ibùdó. Ní Òkè Ọya, níbi tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí kò ti ń mu ọtí, obì ni wọ́n fi ń ṣàlejò, òun náà sì ni wọ́n fi ń dárayá lórí ìrìn àjò jíjìn. Nítorí náà, àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé obì ń lé oorun, ó ń dín àárẹ̀ kù, ó sì ń mú ebi dúró fún ìgbà díẹ̀.

KÍ NI KAFÍÌNÌ?

Kafíìnì ni èròjà inú obì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti inú kóró kọfí ní 1819. Àwọn baba wa kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá sá obì gbẹ, tí a sì wọ̀n ọ́n, kafíìnì inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bí ìdá 1 sí ìdá 3 nínú 100.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń jẹ àti èyí tí a ń mu ló ní kafíìnì. Ẹ wo díẹ̀ nínú wọn:

• Ife kọfí kan: nǹkan bí mílígíráàmù 60 sí 100, gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe ki tó.
• Ife tíì kan: nǹkan bí mílígíráàmù 30 sí 50.
• Agolo Coca-Cola kan: nǹkan bí mílígíráàmù 30 sí 35.
• Agolo Red Bull kékeré kan: mílígíráàmù 80.
• Hóró Panadol Extra kan: mílígíráàmù 65.
• Alábùkún, oògùn oníyẹ̀fun tí Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlatẹ̀ gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918: aspirin àti kafíìnì ni ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló yẹ kí a fi ojú sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo oògùn orí fífọ́, wọn kò sì mọ̀ pé kafíìnì wà nínú rẹ̀. Wọn a mu kọfí láàárọ̀, wọn a jẹ obì lọ́sàn-án, wọn a lo oògùn orí fífọ́ nírọ̀lẹ́, wọn a wá máa bèèrè ìdí tí oorun kò fi kùn wọ́n lóru.

BÍ Ó ṢE Ń LÉ OORUN

Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni nǹkan kan ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni adenosine. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń wúwo, tí a ó sì máa tòògbé. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé olówó tó wá sin gbèsè. Oorun ni gbèsè tí a jẹ. Ọpọlọ ní ilẹ̀kùn tí olówó yìí máa ń gbà wọlé, bí ó bá sì ti wọlé, ara yóò mọ̀ pé àsìkò àtisùn tó.

Ohun tí kafíìnì ń ṣe ni pé ó lọ jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn náà. Ó jọ olówó yìí débi pé ó gba ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ iṣẹ́ tí olówó náà fẹ́ jẹ́. Olówó kò rí ààyè wọlé, ara sì rò pé kò sí gbèsè. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbèsè ń gorí gbèsè lóde. Nígbà tí kafíìnì bá dìde lọ, gbogbo olówó náà yóò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì dógò ti ẹni náà. Ìdí nìyí tí ẹni tó jẹ obì mọ́jú fi lè ṣàdédé sùn lọ sórí tábìlì ìdánwò tàbí sídìí ọkọ̀.

Kafíìnì kì í tètè kúrò lára. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó tó nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Bí ẹ bá mu kọfí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára yín ní aago 11 alẹ́. Ní 2013, àwọn oníwàdìí ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní mílígíráàmù 400 ní wákàtí 6 kí wọ́n tó lọ sùn. Oorun wọn fi ju wákàtí kan lọ dín kù.

ǸJẸ́ Ó Ń LA IYÈ?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ bí iyè ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí, ó sì dà bí iṣẹ́ àgbẹ̀ oníṣu. A ó wa iṣu lóko; ìyẹn ni kíkà àti gbígbọ́. A ó kó o lọ sínú abà, a ó sì tò ó. Ìyẹn ni ìtọ́jú ohun tí a kà sínú ọpọlọ. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ sè é, a ó lọ mú un. Ìyẹn ni ìrántí.

Apá àkọ́kọ́ ni kafíìnì ti wúlò. Bí ó bá ti rẹ ènìyàn, kafíìnì ń jẹ́ kí ojú dá, kí ọkàn pa pọ̀, kí ènìyàn sì tètè fèsì sí ohun tó rí. A kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó sùn dáadáa tó sì mu ife kọfí kan láàárọ̀ lè jàǹfààní rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n apá kejì, ìyẹn kíkó iṣu lọ sínú abà, oorun ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá sùn, ọpọlọ kì í sinmi pátápátá. Ó ń tún ohun tí a kà lọ́sàn-án gbé yẹ̀ wò, ó ń tò ó sípò tí yóò fi pẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1924, Jenkins àti Dallenbach ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí. Bí wọ́n bá sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ohun tí wọ́n ń rántí pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá wà lójúfò lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti tẹ̀ lé e, tó sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwádìí kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ní 2014, àwọn oníwàdìí ní yunifásítì Johns Hopkins fi àwòrán han àwọn ènìyàn, wọ́n sì fún wọn ní mílígíráàmù 200 kafíìnì lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n dán wọn wò. Àwọn tó gba kafíìnì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwòrán tí wọ́n ti rí àti èyí tó kàn jọ ọ́ ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti pé kí wọ́n kàn mọ àwòrán tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀, wọn kò tayọ àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àìsùn ni wọ́n dán wò níbẹ̀. Kò sí ohun tó sọ pé kí ọmọ ó fi obì rọ́pò oorun.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Yorùbá, mo rí àwọn tó lè ka oríkì àti òwe láìṣìṣe lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n wá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ojú pípọ́n, tí wọ́n ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé wọn. Wọ́n ti kàwé. Iṣu ni wọ́n wà sílẹ̀ lóko tí kò dé abà.

ÀÌSÀN TÍ WỌ́N PÈ NÍ "BRAIN FAG"

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní ọdún 1954 ni ilé ìwòsàn Arò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò. Dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí wọn, ojú ń ṣe bàìbàì, ọrùn ń ro wọ́n, wọ́n ń ka ìwé ṣùgbọ́n kò yé wọn, èyí tó sì yé wọn kò dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ní "brain fag", ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún ohun tó jọ ọ́. Ẹni tí nǹkan ń rìn ní orí rẹ̀, wọn a ní ọ̀dẹ orí ń ṣe é.

Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Mọ́rákínyọ̀ ti yunifásítì Ifẹ̀ gbé èrò tirẹ̀ kalẹ̀. Ó so àìsàn náà pọ̀ mọ́ ìtara àṣejù láti ṣe dáadáa àti lílo ohun tó ń lé oorun kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kàwé mọ́jú. Ẹ wo bí ó ṣe ń yípo: ọmọ kò sùn, ìwé kò dúró lórí, ìwé kò dúró lórí, ọmọ bẹ̀rù, ọmọ bẹ̀rù, ó tún jẹ obì sí i kí ó má baà sùn. Àwọn dókítà kan lónìí kò gbà pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni, wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ìyà náà kì í ṣe eré, bí ó bá sì ń ṣe ọmọ yín, kí ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Kí ẹ má sì sáré sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye wákàtí tó ń sùn.

ÌSỌ̀YÈ ÀWỌN ÀGBÀ

Àwọn Yorùbá mọyì iyè púpọ̀, nítorí pé ní àtijọ́, inú orí ni a ń kó ìmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí a fi ní oògùn ìsọ̀yè, ìyẹn oògùn tí a gbà pé ó ń sọ iyè ènìyàn jí. Pierre Verger, tí a tún ń pè ní Fátúmbí, kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lú àwọn mìíràn sínú ìwé rẹ̀ "Ewé", tó jáde ní 1995.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá. Odù 256 ni ó wà, ẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì lóǹkà. Bí ọmọ awo tilẹ̀ lo ìsọ̀yè, kò fi òru ọjọ́ kan kọ́ Ifá. Díẹ̀díẹ̀ ni olúwo ń kọ́ ọ, tí yóò sọ ọ́, tí ọmọ yóò tún un sọ, tí wọn yóò tún padà sí i lọ́jọ́ kejì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní ń sọ nìyí: kí a pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí a máa tún un sọ láìwo ìwé, kí a sì máa fi oorun sáàárín.

ÌMỌ̀RÀN

1. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ jẹ obì tàbí mu kọfí, ẹ ṣe é láàárọ̀. Bí aago 2 ọ̀sán bá ti kọjá, ẹ fi í sílẹ̀.

2. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Àgbàlagbà nílò 7 ó kéré tán. Oorun alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò wà lára ìmúrasílẹ̀.

3. Ẹ ka ojú ìwé kan, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ kà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

4. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní 2011 pé energy drink kò yẹ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ rárá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ṣe ẹ̀bùn ìdánwò.

5. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ alẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ lò ó, kì í ṣe ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, kí ẹ lè rí oorun sùn bí ẹ bá délé.

6. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ojú bá ti ń pa dé, obì kò tó. Ẹ wá ibi tó láàbò, ẹ gbé ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì sùn díẹ̀.

7. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2015 pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má kọjá mílígíráàmù 400 lójúmọ́, kí aláboyún má kọjá 200. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ọgbẹ́ inú, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

8. Ẹ má fi oògùn tó ní aspirin ṣe ohun tí a fi ń lé oorun. Ó lè dá egbò sí inú. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

9. Ẹni tí kafíìnì ti mọ́ lára, bí ó bá fi í sílẹ̀ lójijì, orí lè máa fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

ÌPARÍ

A kò sọ pé kí ẹ má jẹ obì mọ́. Obì ni a fi ń gbàdúrà, òun náà ni a fi ń ṣàlejò, ìwọ̀nba rẹ̀ kò sì burú fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Ohun tí a ń sọ ni pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Obì lè ya ojúfò fún yín fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá yín kó iṣu sínú abà, kò sì lè san gbèsè oorun fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sùn ló ń san án.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí Elédùmarè bá wa ṣọ́ iyè wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yege. Àṣẹ.